Ẹja tó burẹ́wà jù láyé: ta ni yóò dìbò fún un?

Tíṣà Kúbwà
Ọjọ́rú, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà l'Ókè Ọya. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi lónìí tí kò kúrò lọ́kàn mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó lọ sùn.

JSS 2 ni mò ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn ẹranko tó ń lọ sópin la ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo lẹ àwòrán márùn-ún mọ́ pátákó: erin, kìnnìún (mo sọ fún wọn pé méjèèjì wà ní Yankari, ní Bauchi níbí), ìjàpá òkun, igún, àti ẹja kan tí òyìnbó ń pè ní blobfish. Mo ní owó tó wà nílẹ̀ kò ju ti ẹranko mẹ́ta lọ, ó yá, ẹ dìbò. Erin àti kìnnìún kó ìbò lọ, ìjàpá òkun tẹ̀ lé wọn. Igún rí mẹ́rin he. Blobfish ò rí ẹyọ kan. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn tilẹ̀ dìde, ó ní, "Sà, èyí ti kú tẹ́lẹ̀ náà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá tíì rí i, ẹja pupa rúsúrúsú kan ni, ara rẹ̀ rọ̀ bọ̀lọ̀bọ̀lọ̀ bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bomi kún jù, imú rẹ̀ ṣù sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ wá dà bíi ti bàbá arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Ìsàlẹ̀ òkun lápá Ọsirélíà àti New Zealand ló ń gbé, níbi tó jìn tó mítà 600 sí 1,200. Lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí kan, Simon Watt, dá sílẹ̀, ìyẹn Ugly Animal Preservation Society, ní kí aráyé dìbò yan ẹranko tó burẹ́wà jù. Blobfish ló gbégbá orókè. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ọ̀rọ̀ gidi wà nínú rẹ̀: ẹranko tó bá wu ojú ni àánú àti owó ń tọ̀ lọ.

Kí lẹ rí sí i? Ṣé àwọn ọmọ yẹn ṣàìdáa ni, àbí òótọ́ ni wọ́n sọ?

Akọ̀wé Kánò
8:31 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ o. Àwọn ọmọ yín gbọ́n. Ní Sabon Gari níbí, ìyàwó mi lọ sọ́jà lánàá, owó tó ń ra ẹja mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ló fi gbé ẹyọ kan bọ̀, ẹyọ kan ọ̀hún kò sì ju ọwọ́ mi lọ. Adágún Chad tí bàbá mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkun, ẹ wo bó ṣe fà sẹ́yìn. Ìyẹn ò tó ohun tí à ń sunkún lé lórí? Ẹja tí kò ṣe é jẹ, tí kò ṣe é wò, tó wà níbi tí ẹ̀yin àti èmi ò ní dé títí a ó fi kú, ẹ ní ká máa dìbò fún un.

Ilé tó ń jò là ń tún ṣe ná.

Àdùkẹ́ Jos
8:40 alẹ́

Ìbò mẹ́rin tí igún rí yẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Jos, igún ló máa ń bo òrùlé odò ẹran. Bí mọ́mì mi bá rán mi lọ ra ṣàkì, lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni wọ́n máa ń wà lórí páànù, wọ́n á tẹ orí pípá wọn wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń wo ẹni tó jẹ wọ́n lówó. A máa ń sọ wọ́n lókùúta, a ó máa fi orí wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo gba ibẹ̀ kọjá, n kò rí ẹyọ kan. Ajá ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹ wá lọ wo ìsọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan àgbo lónìí, ẹ ó bá orí igún níbi tí wọ́n tò ó sí.

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ gbọ́ ti Íńdíà. Oògùn ara ríro kan tí wọ́n ń fún màlúù níbẹ̀, diclofenac, igún tó bá jẹ òkú màlúù tó ti lò ó, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yà igún mẹ́ta ti pàdánù ju 95 nínú 100 lọ. Òkú ẹran wá ń rà nílẹ̀, ajá ìgboro ń jẹ ẹ́, ajá ń pọ̀ sí i, dìgbòlugi ń bá a rìn. Ọdún 2006 ni ìjọba wọn tó fòfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. Ẹni tó sunkún igún kò sí nígbà tó ń kú o, orí rẹ̀ pá.

Olùkà Lókòjá
8:44 alẹ́

Ìwà lẹwà.

Bọ̀bọ́ Gwarinpa
8:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Lókòjá, ìwà wo lẹja ń hù? 😂

Èmi rí nǹkan kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún un. Ẹ rántí fídíò ẹja dúdú kékeré yẹn, tó ní eyín bí abẹ́rẹ́, tí iná wẹ́rẹ́ kan gùn lórí rẹ̀? Àwọn kan tó wà lórí omi lápá Tenerife, erékùṣù Sípéènì kan, ló rí i ní ìparí oṣù kìíní, tó ń bọ̀ lókè ní ọ̀sán gangan, bẹ́ẹ̀ inú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun ni irú rẹ̀ ń gbé. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà ló kú. Àbúrò mi obìnrin, tó máa ń pariwo tó bá rí aáyán, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ó ń sunkún. Ó ní ẹja náà wá wo oòrùn kó tó kú.

Mo ní, "Ìwọ, o mọ bí èyí ṣe burẹ́wà tó?" Ó ní kí n jáde ní yàrá òun.

Nítorí náà kì í ṣe ojú nìkan. Ìtàn ló ń mú èèyàn. Ẹni tí kò bá ní ìtàn ló wà nínú wàhálà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Nyanya
9:05 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ta ẹja yìnyín ní Nyanya, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹwà ẹja.

Oníbàárà kì í jẹ ojú ẹja, orúkọ ló ń jẹ. Nígbà kan wọ́n kó páálí kan fún mi, ẹja orí gbàǹgbà, ẹnu fífẹ̀, ojú yíyọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Mo wá ní kí ọmọ mi gé orí rẹ̀ dànù, kí ó sì máa pè é ní "gbajúmọ̀". Ọjọ́ kejì ló tán! Àwọn kan ṣì ń bèèrè gbajúmọ̀ lọ́wọ́ mi títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo ti ń gbé kiri látọjọ́ pípẹ́, bóyá ẹnì kan lè dáhùn. Bí mo bá já páálí pánlá, tí yìnyín rẹ̀ bá ti ń dẹ̀, mo máa ń bá àwọn kan tí nǹkan ràbàtà kan ti ẹnu wọn yọ síta, bí ahọ́n tó wú, àwọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀dọ̀fóró. Ojú wọn náà á yọ gbọ̀ǹgbọ̀. Oníbàárà tó bá rí i á ní ẹja mi ti bàjẹ́, kí n dín owó kù. Mo sì mọ̀ pé kò bàjẹ́, torí kò rùn, ara rẹ̀ le koko. Kí ni nǹkan yẹn?

Bàbá Tírọ́là
9:27 alẹ́

Ìyá Ẹlẹ́ja, ikùn rẹ̀ ni.

Mo ti fẹ̀yìn tì sí Kàdúná báyìí, àmọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ìpẹja ni mo ṣe fún ọdún mẹ́rìnlá, mo sì lo mẹ́fà nínú rẹ̀ lórí omi Nàmíbíà. Pánlá ni à ń wá níbẹ̀. Ẹ̀yà pánlá kan wà lápá ibẹ̀ tó ń gbé ibi tó jìn gan-an, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà sísàlẹ̀. Nínú ara pánlá, àpò afẹ́fẹ́ kan wà tó fi ń gbé ara rẹ̀ dúró láàárín omi. Bí àwọ̀n bá fà á ti ibi 400 mítà wá sókè, omi tó ń tẹ àpò náà mọ́lẹ̀ á máa fúyẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa fẹ̀, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 40 tí kò bá kọ́kọ́ bẹ́. Kò sáyè fún un. Á wá ti ikùn ẹja jáde láti ẹnu, á ti ojú rẹ̀ síta. Ẹja ọ̀hún kò rà, fífà la fà á gòkè lójijì. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà yín, ẹ má dín kọ́bọ̀.

Ibi tí mò ń lọ rèé, Tíṣà. Blobfish ò ní àpò afẹ́fẹ́ yẹn rárá. Ẹran ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló rí bí ẹ̀kọ tí kò dì tán, ó fi díẹ̀ fúyẹ́ ju omi lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó lè léfòó díẹ̀ sókè ilẹ̀ òkun láìlo agbára, ohunkóhun tó ṣe é jẹ tó bá gba iwájú ẹnu rẹ̀, á gbé e mì. Níbi tó jìn tó 1,000 mítà, gbogbo ibi tí kò ju èékánná ọwọ́ yín lọ lára rẹ̀ ni ìwúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì ń tẹ̀. Omi náà ló ń di ara rẹ̀ mú. Níbẹ̀, ẹja bí ẹja ni: orí ńlá, ìrù tó tín-ín-rín, kò sí imú kankan tó ń ṣù. Ẹ wá fi àwọ̀n wọ́ ọ fún wákàtí mélòó kan pẹ̀lú òkúta àti ẹja mìíràn, awọ ara rẹ̀ á bó, ẹ gbé e dà sórí pákó ọkọ̀ níbi tí omi ò ti dì í mú mọ́, ó ya lulẹ̀.

Àwòrán tí gbogbo ayé ń rín yẹn, inú ọkọ̀ ìwádìí kan ni wọ́n ti yà á lọ́dún 2003, láàárín Ọsirélíà àti New Zealand. Wọ́n sọ ẹja náà ní Mr Blobby. Ó wà nínú ìgò ọtí ní Australian Museum ní Sydney di báyìí, imú ọ̀hún sì ti sún kì.

Nítorí náà, ọmọ tó jókòó sẹ́yìn yẹn, tó ní "èyí ti kú tẹ́lẹ̀", òun nìkan ló ríran nínú kíláàsì yín. Òkú lẹ lẹ̀ mọ́ pátákó.

Tíṣà Kúbwà
9:33 alẹ́

Ha! Bàbá, ẹ ti pa mí. Mo sì ní kó jókòó, pé ó ń da kíláàsì rú.

Bọ̀bọ́ Gwarinpa
9:36 alẹ́

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá fa èèyàn já láti inú mọ́tò tó ní jàǹbá, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n wá fún un ní ẹ̀bùn ẹni tó burẹ́wà jù ní Àbújá.

Bàbá Tírọ́là
9:41 alẹ́

Ọmọ mi, o ò parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, oorun ti ń kùn mí. Bí wọ́n bá tú ìdí àwọ̀n, kì í ṣe pánlá nìkan ló ń dà sílẹ̀. Ohun tí n kò lórúkọ fún pọ̀ níbẹ̀. Mo rí ẹja kan tí kò ní àgbọ̀n, tó gùn bí ejò, tí wọ́n ń pè ní hagfish. Mo jù ú sínú garawa omi kí n lè wò ó dáadáa, kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo omi garawa ti yọ̀ fàá bí ọbẹ̀ ilá. Ikun ara rẹ̀ ló tú jáde. Kúùkù wa bì. Ṣùgbọ́n òun ni igún ìsàlẹ̀ òkun, Àdùkẹ́. Bí ẹja àbùùbùtán bá kú tó sì rì lọ sílẹ̀, òun wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ débẹ̀, á gba inú òkú wọlé. Ohun tó sì jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni pé awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní "awọ eel". Ìyá Ẹlẹ́ja, gbajúmọ̀ tiyín ti lẹ́gbẹ́ o.

Gbogbo àwọn tí kò sí lórí ìwé, ṣọ́bìrì la fi ń kó wọn padà sómi. Òkú ni wọ́n nígbà náà.

Ọmọ Kàínjì
9:58 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹja ni mo kàwé lé lórí, New Bussa ni mo wà.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ti Bàbá lẹ́yìn. Ẹja tí àwọn atukọ̀ New Zealand àti Ọsirélíà ń wá kiri níbi tí blobfish ń gbé ni orange roughy. Orúkọ ìdílé ẹja yẹn tẹ́lẹ̀ ni slimehead, ẹ jẹ́ ká pè é ní Olórí Ikun. Ta ló fẹ́ jẹ Olórí Ikun? Wọ́n pààrọ̀ orúkọ, ọjà wá gbóná. (Ìyá wa, àṣé gbogbo ayé ni wọ́n ti ń ṣe é.) Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹja àrọ̀ tí wọ́n ń sìn ní Kúbwà, oṣù mẹ́fà ó ti tó tà. Orange roughy máa ń lò tó ọdún 20 sí 40 kó tó bímọ, ó sì lè gbé ju 200 ọdún lọ. Ẹja tí ẹ rí nínú àwo lè ti wà láyé kí Lugard tó dé. Wọ́n kó wọn bí ẹni kó yanrìn, nígbà tó fi máa di 2006, Ọsirélíà ti fi í sórí ìwé àwọn ẹja tó ń wá ààbò.

Blobfish ò sí nínú ẹjọ́ náà. Àwọ̀n Olórí Ikun ló ń kó o mọ́ra.

Lọ́dún 2025, àwọn ará New Zealand dìbò yan ẹja ọdún. Ẹ mọ ẹni tó wọlé? Blobfish, pẹ̀lú ìbò 1,286. Orange roughy ló ṣe ìkejì. Tíṣà, kíláàsì yín nìkan ni kò dìbò fún un.

Akọ̀wé Kánò
10:10 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bèèrè: ohun tí ẹ ń sọ yìí, ṣé ọ̀rọ̀ ìrísí ni àbí ọ̀rọ̀ àwọ̀n? Bí ó bá jẹ́ àwọ̀n, kí ni ìdìbò àti adé fẹ́ ṣe fún un? Ẹ mú ẹni tó ni àwọ̀n.

Ọmọ Kàínjì
10:19 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn án níbi tó yẹ. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe é lọ́dún 2016: wọ́n fòfin de wíwọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun níbikíbi tó bá jìn ju 800 mítà lọ. Wọn ò dárúkọ ẹja kankan pé ó wuni tàbí kò wuni, ìwọ̀n jíjìn ni wọ́n fi ṣe ààlà. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, arẹwà tàbí òbùrẹ́wà, gbogbo wọn bọ́ sábẹ́ ibòji kan náà. Èmi fara mọ́ irú èyí ju ìdìbò lọ.

Ní adágún wa níbí náà, nígbà iṣẹ́ àpapọ̀ Nàìjíríà àti Jámánì ní àwọn ọdún 1990, wọ́n fòfin de àwọ̀n tí wọ́n ń wọ́ létí omi, torí ó ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì tó nǹkan. Ariwo pọ̀ nígbà náà o. Àwọn apẹja ní wọ́n fẹ́ fi ebi pa àwọn. Mi ò ní bá yín purọ́ pé kò sẹ́ni tó jìyà rẹ̀.

Bọ̀bọ́ Gwarinpa
10:27 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n jù ú sí i kí n tó sùn. Ìgbín kan wà ní ìsàlẹ̀ Òkun Íńdíà, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i. Ìpẹ́ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, irin sì wà nínú ìpẹ́ náà àti lára ìkarahun rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì lè fà á! Lọ́dún 2019 wọ́n kọ ọ́ sínú Ìwé Pupa IUCN, àjọ àgbáyé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń lọ sópin, pé ó wà nínú ewu, òun sì ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ nítorí ìwakùsà ìsàlẹ̀ òkun. Bàbà àti wúrà wà nínú òkúta tó ń gbé.

Àdùkẹ́ Jos
10:33 alẹ́

Ìgbín Ọbàtálá ti lọ wọ ẹ̀wù Ògún! Mo rẹ́rìn-ín títí.

Àmọ́ tí mo bá gbọ́ "wúrà" báyìí, Zamfara ló ń wá sí mi lọ́kàn. 2010. Àwọn èèyàn ń fọ́ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn, òjé inú òkúta náà ń fẹ́ bí eruku, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Ẹni tó ra wúrà ò kú. Bí ó bá lè rí báyẹn lórí ilẹ̀, níbi tí dókítà lè wakọ̀ dé, ta ni yóò mọ̀ bí eruku bá bo ìgbín nísàlẹ̀ òkun? Àjọ tó ń mójú tó ìwakùsà ìsàlẹ̀ òkun wà ní Kingston, ní Jamaica, Nàìjíríà sì jókòó níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ohùn yín dé ibi tí ẹ ní ẹ ò lè dé.

Alábòójútó
10:35 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Mo mọ̀ yín.

Akọ̀wé Kánò
10:48 alẹ́

Kò di òṣèlú. Mo gbà fún Àdùkẹ́ díẹ̀. Ohun tí mo ṣì dúró lé rèé: ẹni tó ń jẹ èrè àwọ̀n ni kó san owó ìtọ́jú ìsàlẹ̀ òkun. Kí wọ́n má ní kí ọmọ Kánò tó ń wá ẹja jẹ dá sí i. Bí ẹ bá dìbò lọ́la, erin Yankari ni mo ṣì máa dìbò fún. Igún ìkejì.

Tíṣà Kúbwà
Ọjọ́bọ̀, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì yẹn níwájú gbogbo wọn. Ó ń ṣe bí ọba títí aago fi lù. Mo ya ẹja náà lọ́tun sára pátákó bí Bàbá ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, àmọ́ n kò mọ àwòrán yà, wọ́n ní àrọ̀ ni mo yà. A tún dìbò. Blobfish rí mẹ́sàn-án, igún rí mọ́kànlá. Erin ò mira.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọn ò gbà gbọ́: ọ̀rọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Wọ́n ní ẹja wo ló lè ru sìmẹ́ǹtì.

Ìyá Ẹlẹ́ja Nyanya
5:22 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà, mo já páálí kan láàárọ̀ yìí. Mo rí méjì nínú rẹ̀ tí ikùn wọn wà lẹ́nu, ọ̀kan tiẹ̀ ní ọmọ ẹja nínú ikùn tó yọ síta yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e mì ni wọ́n fà á. Mo ti fi wọ́n pamọ́ sísàlẹ̀ fìríìsà fún àwọn ọmọ yín, n kò ní gbowó. Ẹ gbé kúlà dání tí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ sì tètè wá, wọn ò tíì mú iná dé láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ mi sì ti ń wúkọ́.

Tíṣà Kúbwà
5:25 ìrọ̀lẹ́

Mo ti wà lọ́nà, mà.